Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà: ṣé kí n lọ máa tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, èmi náà ni gbogbo ilé ń pè tí kọ̀ǹpútà bá dákú. Ọ̀gá kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ti ní òun máa gbà mí síṣẹ́, kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹnìkan sọ fún mi pé ọjà lásán ni wọ́n ń tà níbẹ̀, pé màá kàn máa gbé páálí kiri, pé ìfẹ́ tí mo ní sí ẹ̀rọ á sì kú síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Gbà á, àbúrò mi. Mo sọ ìyẹn ṣíwájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti ka ìyókù. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ta kọ̀ǹpútà tí mo sì ń tún un ṣe, bí o sì ṣe fẹ́ wọ iṣẹ́ náà yìí lèmi náà ṣe wọ̀ ọ́: ìfẹ́ ẹ̀rọ ló gbé mi débẹ̀.

Ẹni tó sọ pé wàá máa gbé páálí kò parọ́. Wàá gbé e. Wàá ka ọjà, wàá fi nọ́ńbà ara páálí wé èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, wàá nu síkírìnì tí gbogbo ayé ti fi ìka tẹ̀. Láàárọ̀, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, a máa ń tan gbogbo ẹ̀rọ tá a pàtẹ, torí kò sí ohun tó ń lé oníbàárà bíi kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tuntun, kí ẹ̀rọ náà sì ní kó dúró ná, òun ń gba àtúnṣe lọ́wọ́, fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Gbogbo ìyẹn kì í ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀, etí lo sì máa fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún ọ. Olùkọ́ ni wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n fún àwọn ní lápútọ́ọ̀pù tuntun, "èyí tó bá yára jù lọ níbí". Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ó ti darúgbó, pé táwọn bá tàn án láàárọ̀, àwọn á lọ wẹ̀, àwọn á padà dé, á ṣì máa yí róbótó lójú kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ n rí i. Ó wà nínú àpò wọn. Mo tàn án, mo gbé etí lé e lápá ọ̀tún, mo sì gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èkúté bá ń họ páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Háàdì dísíìkì ni, irú èyí tí àwo inú rẹ̀ ń yí, tí apá tín-ín-rín kan ń sáré lókè rẹ̀ wá fáìlì kiri. Nígbà tó ṣí tán, mo wo ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ inú ẹ̀rọ hàn. Dísíìkì ń ṣiṣẹ́ dé 100 nínú 100. Ọpọlọ ẹ̀rọ, ìyẹn CPU, kò tíì ṣe tó 10. Ọpọlọ jókòó, ó ń retí dísíìkì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yé mi dáadáa, inú mi sì máa ń dùn láti ṣàlàyé ẹ̀. Kí apá yẹn tó dé ibi tí fáìlì kan wà, ó máa ń gbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Létí, ìyẹn ò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ. Àmọ́ tí Windows bá ń ṣí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń pè lọ́tùn-ún lósì. Sọ ìdádúró kékeré yẹn di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wàá rí ibi tí àárọ̀ ìyá yẹn ń wọlé sí. SSD, ìyẹn irú dísíìkì tuntun tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, ò ní apá, kò ní àwo. Ó máa ń rí fáìlì ní ìwọ̀n tó fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá wo ìran ọpọlọ inú ẹ̀rọ náà: ìran kẹjọ ti Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú tó ń ṣe déédéé fún Windows 10 dúró, Windows 11 kì í sì í fẹ́ gba Intel tó bá dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, yàtọ̀ sí pé ó tún ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí nínú ẹ̀rọ. Ká ní ìran kẹrin ni, ìmọ̀ràn mi ì bá yàtọ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ wọn ò tíì darúgbó. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú dísíìkì kọ sínú SSD, mo yọ dísíìkì, mo fi SSD sípò rẹ̀, mo fi RAM kan kún un, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Nígbà tí wọ́n tàn án níwájú mi, wọ́n ṣì ń wá gíláàsì wọn nínú àpò nígbà tí ojú ìwé ti ṣí. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé o pààrọ̀ ẹ̀ fún mi?"

Wò ó, ká ní bí mo ṣe wà lọ́dún àkọ́kọ́ ni wọ́n bá mi, màá ti gbé èyí tó wọ́n jù kalẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni màá sì fi tà á, torí èmi fúnra mi ń fẹ́ ẹ. Mi ò ní in lọ́kàn láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó ń ṣi àwa olólùfẹ́ ẹ̀rọ lọ́nà ni pé a kì í pẹ́ gbọ́. Ènìyàn á ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà, ojú wa á tàn yòò, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye core (ẹ̀ka ọpọlọ tó ń dá iṣẹ́ ṣe), iye gígábáìtì, irú síkírìnì. Ìbéèrè tó wù wá là ń dáhùn. Iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, òun lọjà. Ẹ̀rọ kàn ń gbé e ni. Ọjọ́ tí èyí yé mi ni mo di ontàjà. Kó tó dìgbà náà, èrò ìwòran tó ń gba owó oṣù ni mí.

Ìbéèrè tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lónìí ni: "Kí ló ń bí yín nínú lára èyí tí ẹ ń lò?" Má bi wọ́n pé iye RAM wo ni wọ́n fẹ́; ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ojú á sì tì wọ́n láti sọ pé àwọn ò mọ̀. Bi wọ́n léèrè ohun tó ń bí wọn nínú, ọ̀rọ̀ á dà bí omi. Ẹni tó bá ní ó ń jó òun nítan ti sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ lòun ń gbé e lé, kì í ṣe tábìlì, nítorí náà ọpọlọ tí kì í jẹ iná púpọ̀, irú èyí tí lẹ́tà U wà nídìí orúkọ rẹ̀, ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní ariwo fáànù rẹ̀ ń gba òun lọ́kàn lè máà nílò ju kí o tú u, kí o kó eruku inú rẹ̀, kí o sì pààrọ̀ ọ̀rá tó wà láàárín ọpọlọ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀. Bàbá kan sọ fún mi pé lẹ́tà inú tiwọn ti ń kéré sí i. Mo lọ sínú ètò síkírìnì, mo gbé títóbi rẹ̀ láti 100 sí 150, wọ́n sì lọ sílé láìra nǹkan kan. Èmi ò ka ìyẹn sí ọjọ́ tí mi ò tajà.

Lẹ́yìn etí ló wá kan ojú. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àkọlé, kà á bí ẹni ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ. Orúkọ ńlá ara kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí agbára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì wá, ó ní i7 ni, ọ̀kan lára orúkọ ọpọlọ Intel, pé ẹni tó tà á fóun sọ pé kò sí èyí tó jù ú lọ. Mo wò ó: Core i7-2600, ọjà ọdún 2011. Core i3-12100 tó jáde lọ́dún 2022 ní core mẹ́rin bíi tiẹ̀, ó ń gba iṣẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà bíi tiẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ jìnnà, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ wáàtì 95 sára ti àgbà, wọ́n kọ 60 sára ti àbúrò. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 tàbí i3 ni kí o máa wò. 2600, ìran kejì nìyẹn. 12100, ìran kejìlá. Láti òpin ọdún 2023 ni Intel tiẹ̀ ti ń yọ lẹ́tà i yẹn kúrò lára àwọn tuntun, nítorí náà ẹni tó bá ń fi i7 nìkan díwọ̀n ẹ̀rọ ti pàdánù òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó dun ọmọ náà. Mi ò bú ẹni tó tà á fún un, mo kàn fi ojú ìwé tó ní ọdún tí ẹ̀rọ náà jáde hàn án, mo sì sọ ohun tó ṣì lè fi ṣe fún un.

Èmi náà ti ṣìṣe níbi àkọlé rí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọdún kejì mi ni. Bàbá kan fẹ́ RAM gígábáìtì 8 fún lápútọ́ọ̀pù wọn. Mo wo ti inú rẹ̀, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3 ni. Mo mú DDR3 láti orí pẹpẹ, mo gbé méjèèjì jọ: gígùn kan náà, ẹsẹ̀ wúrà kan náà, 204, ihò ààrin rẹ̀ sì bára mu régí. Mo dì í fún wọn. Ọ̀nà wọn jìn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà dé, wọ́n ní ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀ mọ́: iná rẹ̀ ń tàn, síkírìnì dúdú kirikiri. Mo yọ tèmi, mo dá tiwọn padà, ó ṣí. Mo fi tèmi sí i, ó dákẹ́. Mo gbé méjèèjì sábẹ́ iná, mo wá rí i. Wọ́n kọ PC3L-12800S sára tiwọn. Wọ́n kọ PC3-12800S sára èyí tí mo tà. Lẹ́tà L kan ṣoṣo. L yẹn ń sọ pé RAM náà lè fi fóòtì 1.35 ṣiṣẹ́, òun sì ni ẹ̀rọ náà ń fún un; èyí tí mo tà ń fẹ́ fóòtì 1.5 kó tó jí. Ó wọ ihò, kò bá iná mu. Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo san owó ọkọ̀ wọn, mo sì tọrọ àforíjì láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí RAM kan jáde láìṣe pé mo ti fi í sínú ẹ̀rọ oníbàárà, mo tàn án, mo sì ti fi iye tuntun hàn wọ́n lójú síkírìnì. Àwọn SSD pẹlẹbẹ tí à ń pè ní M.2 náà ní irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀: fífẹ̀ mìlímítà 22, gígùn 80, ọ̀kan ń sọ èdè SATA, èkejì ń sọ NVMe, ojú lásán sì lè máà rí ìyàtọ̀ wọn. Ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí o tún ka ohun tí ìwé ẹ̀rọ oníbàárà sọ. Abèèrè kì í ṣìnà, ìwé tó tẹ̀ lé ẹ̀rọ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí o bi.

Wáyà ló máa mú kí wọ́n pariwo mọ́ ọ jù. Wọ́n á ní, "Ẹnu rẹ̀ bá a mu, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?" USB-C ni. Láti ọdún 2014 tí wọ́n ti gbé ẹnu yẹn jáde ni ìdààmú náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu kan náà ló wà lára wáyà tó kàn lè gba iná fóònù, lára èyí tó lè gbé wáàtì 240 fún lápútọ́ọ̀pù ńlá, lára èyí tó ń gbé fáìlì pẹ̀lú ìwọ̀n mégábíìtì 480 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti lára èyí tó ń gbé gígábíìtì 40. Ihò tó wà lára ẹ̀rọ pàápàá ò dọ́gba. Òmíràn lè gbé àwòrán lọ sí síkírìnì níta, òmíràn ò lè ṣe é. Má ta wáyà USB-C fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè ohun tó fẹ́ so pọ̀ mọ́ ohun tí yóò so ó mọ́. Tí ìsọ̀ yín ò bá tíì yà wọ́n sọ́tọ̀, fi lébẹ́ẹ̀lì kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ. Wọ́n á fẹ́ràn rẹ fún un.

Wọ́n á tún bi ọ́ nípa dísíìkì. Oníbàárà ra térábáìtì kan, Windows ní gígábáìtì 931 ló wà níbẹ̀, ó sì rò pé o ti yọ díẹ̀. Ẹni tó ṣe é ka báìtì 1,000,000,000,000, kò sì parọ́. Windows ń fi 1,024 pín in lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń já sí 931. Ṣe ìṣirò náà lórí bébà níwájú wọn. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni fílaṣì kékeré tí wọ́n kọ térábáìtì méjì sára rẹ̀, tó wà ní ẹ̀dínwó tí kò bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ṣe é ti kọ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀ láti parọ́: fáìlì tó kọ́kọ́ wọlé wà níbẹ̀, ibi tí àyè gidi bá tán sí, ó kàn ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí ni. Orúkọ fáìlì á hàn, nǹkan kan ò ní sí nínú rẹ̀. Ètò tó ń jẹ́ H2testw tàbí f3 ló ń tú àṣírí ẹ̀: yóò kọ nǹkan kún un dé góńgó, yóò sì kà á padà. Tí ọ̀gá rẹ bá ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, fi àbájáde rẹ̀ hàn án ní kọ̀rọ̀, má ṣe é níwájú oníbàárà.

Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ti fáìlì àwọn ènìyàn. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá, ó ní kí n tún Windows rẹ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ nílò?" Ó ní rárá, kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti rántí pé ìgbà kan wà tóun gba ohùn bàbá òun sílẹ̀, tí bàbá ń sọ ìtàn ìdílé, bàbá sì ti kú. Inú ẹ̀rọ yẹn ló wà. Lórí háàdì dísíìkì àtijọ́, ènìyàn ṣì lè fi ètò ìwákiri tọ ipa fáìlì tí wọ́n pa rẹ́. SSD nìyí: tí wọ́n bá ti pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń palẹ̀ àyè náà mọ́ kó lè yá nígbà tó bá kan kíkọ tuntun. Mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí nǹkan kan. Ó ti fọwọ́ síwèé pé kí n pa á rẹ́, kò sì bú mi rárá. Òun gan-an ló ń dupẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwọn ènìyàn ò mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Má bi wọ́n pé ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀. Dárúkọ nǹkan fún wọn: fọ́tò ńkọ́? Ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ iléèwé ọmọ yín? Ìwé tẹ́ ẹ fi ń wáṣẹ́? Wàá rí i tí ojú wọn máa yí padà níbi ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá gbà fún ọ, da gbogbo rẹ̀ kọ síbòmíràn kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ tí o bá sọ pé wàá pa á rẹ́. Má ṣí fọ́tò wọn wò. Wíwò pé ó dé pé pérépéré yàtọ̀ sí wíwo ohun tó wà níbẹ̀. Iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn tó láti fi mọ̀. Kí o sì tó pààrọ̀ pátákó inú ẹ̀rọ tàbí kí o tún BIOS rẹ̀ ṣe, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ, béèrè bóyá Windows ti fi BitLocker ti dísíìkì náà pa. Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ló ń tì í fúnra wọn láìjẹ́ pé olówó wọn mọ̀. Tó bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ, kọ́kọ́rọ́ tó ní nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta ló máa béèrè, tí oníbàárà ò bá sì rí i nínú àkáǹtì Microsoft rẹ̀ tàbí níbi tó kọ ọ́ sí, kò sí ọgbọ́n tó lè ṣí i.

Ní ti ọwọ́ rẹ: o ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ nílé, àmọ́ tìrẹ ni ìyẹn. Iná ara ènìyàn lè pa RAM láìjẹ́ kí o mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí fóòtì 3,000 kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó ta òun, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò tó 100 ti lè ba àwọn ẹ̀yà kan jẹ́. Fi okùn tí wọ́n ṣe fún un de ọrùn ọwọ́ rẹ, kó lè máa kó iná náà lọ sílẹ̀. Bátìrì tó bá wú, má tẹ̀ ẹ́, má gún un, má sì tún fi ṣájà sí i mọ́. Ó lè gbiná.

O béèrè bóyá ọjà lásán ni. Lọ́dún 1976, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Terrell ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Kalifọ́níà, Byte Shop lorúkọ rẹ̀. Steve Jobs gbé ẹ̀rọ kan tí Steve Wozniak ṣe wá bá a; àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí olùrà máa ra pátákó lásán, kó lọ jó ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀, bí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nígbà náà. Terrell ní òun máa ra àádọ́ta, dọ́là 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ tò ó pọ̀ tán kí wọ́n tó gbé e wá. Òun ló ń dúró nídìí káńtà lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà pọ̀ ju àwọn tó lè jó o pọ̀ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí Apple tà ní púpọ̀ nìyẹn, ontàjà ló sì sọ bó ṣe yẹ kó rí. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ń fojú kéré ẹni tó wà nídìí káńtà.

Mi ò ní bo èyí tó le mọ́ ọ lójú. Ẹsẹ̀ á máa dùn ọ́. Ọjọ́ míì wà tí ènìyàn ogún á wọlé, tí kò ní sí ẹni tó ra nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ọ níye tí o gbọ́dọ̀ tà lóṣù, tí oṣù bá sì ti ń parí, á máa ṣe ọ́ bíi kó o ti èyí tó wọ́n sí ẹni tí kò nílò ẹ̀. Èmi ti pinnu tipẹ́ pé màá kúkú sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò tà á. Ọ̀gá kan bínú nítorí ẹ̀ rí, mo sì fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Èyí tí mo bá lẹ́yìn rẹ̀ ò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ṣé ìfẹ́ rẹ á kú? Ìfẹ́ ohun tuntun á dínkù, òótọ́ ni. Tí o bá ti tú páálí igba, òórùn ẹ̀rọ tuntun ò ní mú ọ lórí yá mọ́. Àmọ́ ìfẹ́ kan wà tó ń dàgbà lábẹ́ ẹ̀, ìfẹ́ kí o mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ tó dákẹ́. Nílé, ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́rin lo mọ̀. Níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún á gba ọwọ́ rẹ kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àìsàn tiẹ̀, wàá sì rí i lọ́jọ́ kan pé o gbọ́ ìró fáànù láti òdìkejì ìsọ̀, o sì ti mọ̀ pé bíárìn rẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn ò tíì sú mi di òní.

Nítorí náà, tó o bá ń lọ lọ́jọ́ Ajé, mú súkúrùdíráfà kékeré rẹ dání, fílaṣì kan tí o ti fi Linux, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows, sí, tó lè gbé ẹ̀rọ dìde láìfọwọ́ kan dísíìkì rẹ̀, àti ìwé kékeré tí wàá máa kọ ẹ̀sùn oníbàárà sí lójú ewé kan, ohun tí o bá nídìí rẹ̀ lójú kejì. Bí ọ̀gá bá ti fi ibi gbogbo hàn ọ́, béèrè ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ tí oníbàárà dá padà sí. Ìsọ̀ kọ̀ǹpútà gbogbo ló nírú ibẹ̀, lábẹ́ káńtà tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tọrọ ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì wá ohun tó ṣe é gan-an, yálà ó bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu tàbí kò bá a mu. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé nígbà tèmi ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé kì í rí íńtánẹ́ẹ̀tì, pátákó rẹ̀ ti bàjẹ́. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lápá iwájú, tí wọ́n fi ń pa Wi-Fi. Mo fi èékánná tì í sápá ọ̀tún, iná aláwọ̀ búlúù kan sì tàn.